Ọ̀rọ̀ Tí Òṣìṣẹ́ Kọ Sórí Fóònù Lè Dé Iwájú Adájọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù kan. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kọ́ ni wọ́n ń sọ. Èyí tó wà nínú ilé wọn ni.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Northwest ló pè wọ́n lẹ́jọ́. Láti ọdún 1996 ni àkókò ti tó láti tún àdéhùn iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ṣe, ìjíròrò ò sì parí. Nígbà tí ọdún 1999 ń kógbá sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ pé ara àwọn ò yá, ilé iṣẹ́ náà sì wọ́gi lé ìrìn àjò bàálù tó lé ní 300. Northwest ní wọ́n gbìmọ̀ àìsàn yẹn ni, àti pé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ síra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ wọn, ẹ̀ka 2000 ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Teamsters, ní òun ò pàṣẹ irú rẹ̀. Méjì lára àwọn tí wọ́n dárúkọ nínú ìwé ẹ̀sùn jẹ́ òṣìṣẹ́ tó dá ojú òpó sílẹ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lè rí ibi sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ wọ wàhálà ló jẹ́ pé ẹni tí ò forúkọ hàn ló kọ ọ́. Lọ́dún kan náà, àdéhùn tuntun fìdí múlẹ̀, ẹjọ́ sì tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tú inú kọ̀ǹpútà wò kó tó tán.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n báyìí. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lónìí, fóònù inú àpò ni. Kò fẹ́ẹ̀ sí ọsibítù, ilé ẹ̀kọ́, báńkì tàbí ìjọba ìbílẹ̀ kan láti Èkó dé Adó-Èkìtì tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò ní ojú òpó WhatsApp. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè bóyá owó oṣù ti wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú, ibẹ̀ náà sì ni ẹnìkan ti máa ń sọ ọ́ láàárín òru pé, “Ẹ jẹ́ ká dẹ ọwọ́ iṣẹ́ o, bí wọ́n bá rí i pé nǹkan ò lọ, wọ́n á pè wá.” Èèyàn mẹ́wàá á tẹ àtàǹpàkò sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé lójú òfin ilẹ̀ yìí, gbólóhùn yẹn àti ìpè sí ìyanṣẹ́lódì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bà jẹ́ nítorí ìbẹ̀rù ilé ẹjọ́. Bákan náà la gbà pé àwọn olórí ẹgbẹ́ tó bá ń fi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú àìmọ̀ òfin ń ta wọ́n lọ́pọ̀ ni. Ojúṣe méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ jọ rìn.

Ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń mú kí òṣìṣẹ́ yan iṣẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìyẹn kí ó dẹ ọwọ́ iṣẹ́ láìfi í sílẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ń pani lára. Owó oṣù dúró, agbanisíṣẹ́ ń halẹ̀, aládùúgbò ń béèrè ìdí tí èèyàn fi ń jókòó sílé. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ, tó buwọ́ lùwé, tó wá ń yẹ fáìlì kan wò fún wákàtí mẹ́ta, ta ni yóò sọ pé kò ṣiṣẹ́? Awakọ̀ bàálù lè sọ pé òun ò ní ṣe iṣẹ́ àṣekún. Mẹkáníìkì lè kọ gbogbo àléébù tín-tìn-tín sínú ìwé títí bàálù ò fi ní gbéra. Nọ́ọ̀sì lè rọ̀ mọ́ gbogbo ìlànà tó wà nínú ìwé láìfo ọ̀kan. Kò sí ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ò sì lọ. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ fi máa ń rò pé ọwọ́ òfin ò lè tó òun níbẹ̀.

Òfin tó wà fún aáwọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà, Trade Disputes Act, kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú abala 48, níbi tí òfin náà ti ṣàlàyé ohun tí ìyanṣẹ́lódì jẹ́, ó kà á kún ìdáṣẹ́dúró bí àwọn òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́nà tó rọra ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín bí iṣẹ́ wọn ṣe já fáfá tó kù. Kò síbi tí òfin ti pín wọn níyà. Ẹni tó dẹ ọwọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ẹni tó ti géètì pa, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Abala 18 òfin náà tún sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yanṣẹ́ lódì nígbà tí wọn ò bá tíì tọ gbogbo ọ̀nà ìlàjà: olùlàjà, mínísítà, ìgbìmọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀, títí dé Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. Ìjìyà rẹ̀ fún ẹnìkan ni owó ìtanràn ọgọ́rùn-ún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọgọ́rùn-ún náírà ò tó ra omi inú ìgò mọ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n ṣì jẹ́ oṣù mẹ́fà. Abala 43 sì gbà kí agbanisíṣẹ́ má san owó àkókò tí òṣìṣẹ́ fi yanṣẹ́ lódì. Nígbà tó di ọdún 2005, lábẹ́ ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n tún òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dìbò kí wọ́n tó yanṣẹ́ lódì, pé iṣẹ́ tí ará ìlú ò lè ṣe kó má sí ò gbọ́dọ̀ dúró, wọ́n sì fi owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, lé e.

Ní ti pápákọ̀ òfurufú, okùn náà tún le sí i. Àwọn òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lọ́dún 2022 fún àwọn àjọ tó ń mójú tó ìrìn òfurufú ka àwọn iṣẹ́ tó ń mú bàálù gbéra tó sì ń mú un balẹ̀ kún iṣẹ́ kòṣeémánìí, wọ́n sì ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pápákọ̀ fapá jánú lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ Ìkẹjà tó bá wá kọ ọ́ sórí WhatsApp lónìí pé kí ẹ̀ka òun fà sẹ́yìn díẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ibi tó le jù nínú òfin ló ń tẹ̀ yẹn.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ orí fóònù ṣe ń di ẹjọ́? Amẹ́ríkà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti kún jù, nítorí pé àwọn awakọ̀ bàálù àti òṣìṣẹ́ òfurufú ibẹ̀ ti la irú ẹjọ́ yìí kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin tó de àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti ọdún 1926, Railway Labor Act, ni wọ́n fà dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lọ́dún 1936. Kò fàyè gba ìyanṣẹ́lódì lórí àdéhùn tuntun àfi tí àjọ onílàjà ìjọba bá ti tú wọn sílẹ̀, tí ọgbọ̀n ọjọ́ sì kọjá lé e. Kó tó di àkókò yẹn, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà. Ìjíròrò lè gba ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Sùúrù á tán. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti máa ń yọjú.

Lóṣù kejì ọdún 1999, inú bí àwọn awakọ̀ American Airlines nítorí bí ilé iṣẹ́ wọn ṣe ra Reno Air tí ò sì tíì bá wọn parí ọ̀rọ̀ lórí owó àti ipò àwọn awakọ̀ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní ara àwọn ò yá. Ìrìn àjò bàálù tó ju 6,600 lọ ni wọ́n fagi lé. Adájọ́ Joe Kendall ní Dallas pàṣẹ pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ní ara àwọn ò yá tún pọ̀ sí i. Adájọ́ náà bínú, ó ní nígbà tí òun bá fi máa ṣe tán, ohun ìní ẹgbẹ́ wọn tó bá ṣẹ́ kù á wọ inú àpótí ẹrù orí bàálù kékeré kan. Owó ìtanràn tó bu lé ẹgbẹ́ náà lórí tó mílíọ̀nù dọ́là 45.5. Ó sì bu owó lé ààrẹ ẹgbẹ́ náà, Richard LaVoy, àti igbákejì rẹ̀, Brian Mayhew, lórí, kí wọ́n san án lápò ara wọn. Ẹ̀sùn tí ilé ẹjọ́ fi kàn wọ́n ni pé wọn ò ṣe ohun tó tó láti dá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ padà. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà lọ́dún 2000.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí olórí ẹgbẹ́ kankan fojú fò. Bí adájọ́ bá ti pàṣẹ, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ olórí náà lè di ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹjọ́ United Airlines tọdún 2008 sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹgbẹ́ awakọ̀ ALPA àti awakọ̀ mẹ́rin ń darí àwọn èèyàn láti kọ iṣẹ́ àṣekún àti láti fi àìsàn ṣe àwáwí ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí èrò pọ̀. Nǹkan méjì ni wọ́n gbé síwájú Adájọ́ Joan Lefkow ní Chicago. Ìkíní ni ìṣirò: iye àwọn tó ní ara àwọn ò yá lóṣù keje ọdún yẹn pọ̀ kọjá ohun tí èèyàn lè pè ní èèṣì. Ìkejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ síra wọn. Ìṣirò nìkan ì bá lè ní àlàyé míì. Ọ̀rọ̀ nìkan ì bá lè jẹ́ ariwo ẹnu lásán. Nígbà tí méjèèjì pàdé, adájọ́ ní òun ti rí i pé wọ́n gbìmọ̀ rẹ̀ ni. Ó pàṣẹ lóṣù kọkànlá pé kí ẹgbẹ́ náà jáwọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì gbè é lẹ́yìn lóṣù kẹta ọdún 2009. Lọ́dún 2011, Adájọ́ Robert Conrad ní ìpínlẹ̀ North Carolina tọ ọ̀nà tó jọ èyí nínú ẹjọ́ US Airways àti ẹgbẹ́ awakọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ní ọ̀rọ̀ ààbò ni àwọn ń polongo. Ilé ẹjọ́ ní ohun tí àwọn awakọ̀ ń ṣe kọjá ààbò.

Nínú àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí, kò sí ẹni tó jìyà nítorí pé ó ní owó òun kéré, tàbí pé ọ̀gá òun ò dáa. Ohun tó ń kó èèyàn sí i ni ọjọ́ tí wọ́n bá dá, àṣẹ tí wọ́n bá pa, àti bí iṣẹ́ ṣe wá rí lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́. Ààlà náà ṣe kedere nínú òfin Amẹ́ríkà tó kan àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni yòókù, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1935. Lábẹ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa owó àti ipò iṣẹ́, ìbáà jẹ́ lójú kòròkòrò, ìbáà jẹ́ lórí Facebook. Ilé ọtí kan ní Connecticut tí wọ́n ń pè ní Triple Play lé òṣìṣẹ́ méjì dànù nítorí ìjíròrò lórí Facebook nípa owó orí tí wọ́n yọ lára owó oṣù wọn. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀kan nínú wọn ṣe ni pé ó tẹ “Like.” Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní New York fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé títẹ̀ yẹn wà lábẹ́ ààbò òfin.

Ṣùgbọ́n àjọ tó ń bójú tó òfin kan náà yìí ti pinnu láti ọdún 1950, nínú ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ pákó Elk Lumber, pé kò sí ààbò fún òṣìṣẹ́ tó dẹ ọwọ́ iṣẹ́ láti fi ṣẹ̀san owó tí wọ́n dín kù. Àlàyé wọn ni pé òṣìṣẹ́ ò lè máa gba owó iṣẹ́ kí ó sì máa fúnra rẹ̀ dá iye iṣẹ́ tó máa ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé “owó yìí ò tó wa” ní òfin lẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “láti ọ̀la, ìdajì iṣẹ́ ni ká máa ṣe” kò ní.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù àti rélùwéè ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ààlà tiwọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ lè pe àwọn èèyàn rẹ̀ sí ìgbésẹ̀ tí kò tó ìyanṣẹ́lódì, títí kan kíkọ iṣẹ́ àṣekún, bí wọ́n bá ti dìbò tí wọ́n sì fún agbanisíṣẹ́ ní ìwé ìkìlọ̀. Bí kò bá sí ìbò, tí ẹgbẹ́ ò sì fọwọ́ sí i, ẹni tí wọ́n bá lé dànù níbẹ̀ kò lè lọ fẹjọ́ sùn pé wọ́n lé òun láìtọ́. Lọ́dún 2015, ìjọba ibẹ̀ gbèrò láti mú kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa sọ ṣáájú bóyá wọ́n máa lo ojú òpó ìkànsíraẹni nígbà ìyanṣẹ́lódì. Àwọn èèyàn ta kò ó gidigidi, ìjọba sì yí ọwọ́ padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbà pé ojú òpó WhatsApp ẹgbẹ́ jẹ́ yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n fi àṣírí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àgádágodo ẹ̀rọ. Òótọ́ ni pé àgádágodo náà ń dá àjèjì dúró. Kò lè dá ẹni tó wà nínú yàrá dúró. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Nínú ojú òpó tí èèyàn igba wà, ẹnìkan ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ẹnìkan ń bẹ̀rù kí wọ́n má dá òun dúró, ẹnìkan sì ń bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe kèéta. Ọ̀kan nínú wọn á ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, ó sì di ọwọ́ ọ̀gá kí ilẹ̀ tó mọ́.

Láti ọdún 2011 ni òfin ẹ̀rí ilẹ̀ Nàìjíríà ti fàyè gba ohun tó wá láti inú kọ̀ǹpútà àti fóònù. Abala 84 ló la àwọn ohun tí ẹni tó mú un wá gbọ́dọ̀ fi hàn nípa ẹ̀rọ tó ti wá. Bí wọ́n bá ti pé, adájọ́ á gbà á wọlé. Ẹni tó rò pé òun á pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nígbà tí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá dé ń fi wàhálà kún wàhálà, nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí fóònù igba èèyàn, ilé ẹjọ́ á sì béèrè ohun tó ń sá fún. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tún wà níbẹ̀. Abala 24 rẹ̀ ti gbòòrò rékọjá ààlà nígbà kan, débi tí ilé ẹjọ́ ECOWAS fi sọ lọ́dún 2022 pé kí Nàìjíríà tún un ṣe. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe lọ́dún 2024 dín in kù sí irọ́ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó fi fẹ́ dá rúgúdù sílẹ̀ tàbí fi ẹ̀mí èèyàn wewu. Síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù méje náírà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá ń pín ìròyìn tí kò dá lójú nípa agbanisíṣẹ́ rẹ̀ nígbà aáwọ̀ ń fi ọrùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń wá ọ̀nà láti gbá a mú.

Gbogbo èyí lè mú kí ẹnìkan parí èrò sí pé kí òṣìṣẹ́ pa ẹnu mọ́. Ìwé ìròyìn yìí ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Lóṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti àwọn ẹ̀ka ìjọba míì dá iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà nítorí owó gbà-máà-bínú tí ọ̀wọ́n gógó nǹkan mú kí wọ́n béèrè. Michael Imoudu, tí ìjọba amúnisìn ti lé kúrò ní Èkó tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà, wà lára àwọn tó léwájú. Kò sí bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn èèyàn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, lójú ọ̀nà, nínú ilé ara wọn. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abala 39 dáàbò bo ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ẹni, abala 40 dárúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní tààrà, abala 37 sì dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù ọmọ Nàìjíríà. Bí agbanisíṣẹ́ bá lè torí àwòrán ojú fóònù kan ṣoṣo béèrè fún fóònù gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ̀tọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti di orí ìwé lásán. Inú fóònù kan náà ni àwòrán ọmọ, èsì àyẹ̀wò dókítà àti àkọsílẹ̀ báńkì èèyàn wà.

A kò gbàgbé ẹni tó wà ní ìhà kejì. Èrò tó sùn sí pápákọ̀ nítorí àìsàn tí wọ́n gbìmọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ awakọ̀ kankan. Aboyún tó dé ọsibítù ìjọba nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹsẹ̀ fà lè kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ìjà ń lọ. Níbi yìí gan-an ni iṣẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti burú ju ìyanṣẹ́lódì gbangba lọ. Bí àwọn dókítà bá kéde pé àwọn máa dáṣẹ́ dúró lọ́jọ́ Ajé, ẹbí á wá ọsibítù míì. Bí wọ́n bá wà nídìí iṣẹ́ tí wọn ò sì ṣe é, ilẹ̀kùn ṣí, ẹbí ń wọlé, wọn ò sì mọ ohun tó ń dúró dè wọ́n. Ẹgbẹ́ tó bá bọ̀wọ̀ fún ará ìlú á jẹ́ kí ìjà rẹ̀ hàn sójú táyé.

Ìjọba ló sì ń ti òṣìṣẹ́ sí kọ̀rọ̀. Àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ASUU, ṣe lọ́dún 2009 fa ìyanṣẹ́lódì léraléra nítorí pé ìjọba ò mú un ṣẹ tán. Ti ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá, ìjọba sì dá owó oṣù wọn dúró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ní ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti má san owó iṣẹ́ tí wọn ò ṣe. Ìdájọ́ náà bá òfin mu. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ míì tó wò ó láti ọ̀ọ́kán á sọ pé bí ìyanṣẹ́lódì gbangba bá máa gba owó oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ òun, ó sàn kí òun máa lọ síbi iṣẹ́ kí òun sì máa rọra ṣe é. Òfin tó le mọ́ ẹni tó jà ní gbangba, tí kò sì rí nǹkan ṣe sí ẹni tó da àdéhùn, ló ń bí iṣẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ wa àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC àti gbogbo ẹ̀ka wọn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní òfin yìí lédè tí wọ́n gbọ́, Yorùbá pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí alámòójútó ojú òpó kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé bí ẹnìkan bá dá ọjọ́ fún àìsàn tí wọ́n gbìmọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí ẹgbẹ́ fèsì lójú ẹsẹ̀, nínú ojú òpó kan náà, pé kì í ṣe àṣẹ ẹgbẹ́. Èsì yẹn lè jẹ́ ohun tí yóò gba ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fòpin sí àṣà kíka orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nígbà ìyanṣẹ́lódì jáde fún èébú àti ìhalẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ dìbò, ẹ kọ̀wé, ẹ sọ ọjọ́, kí gbogbo ayé sì gbọ́.

Òṣìṣẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Kò sí ohun tó yẹ kó dí i lọ́wọ́ láti kọ ọ́ pé owó oṣù òun ti pẹ́, pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò léwu, pé àdéhùn báyìí báyìí ni ọ̀gá ò mú ṣẹ. Kí ó kọ òótọ́ tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ohun tí gbogbo wọn máa ṣe pa pọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é, ìpàdé ẹgbẹ́, níwájú agbẹjọ́rò ẹgbẹ́, ni àyè rẹ̀.

Àwọn adájọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn lẹ́yìn èyí. Kí wọ́n má fi ìkùnsínú ẹnìkan ṣe àṣẹ ẹgbẹ́. Kí agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ wo inú fóònù òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí míì hàn pé iṣẹ́ fà sẹ́yìn lóòótọ́ àti pé ẹni yìí ló wà nídìí rẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá gbà, kí ẹni tí kì í ṣe ti ìhà kankan ló wò ó, kí ó yọ ohun tó kan ẹjọ́ nìkan, kí ó dá ìyókù padà láìkà á. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Iṣẹ́ tó tóbi jù wà lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Kí wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò nínú abala 18 òfin aáwọ̀ iṣẹ́ àti nínú àtúnṣe ọdún 2005, nítorí pé aáwọ̀ lórí owó oṣù kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ní kedere pé ìjíròrò láàárín òṣìṣẹ́ nípa owó àti ipò iṣẹ́, lójú kojú tàbí lórí fóònù, ní ààbò, àti pé agbanisíṣẹ́ tó bá torí rẹ̀ lé èèyàn dànù á dá a padà pẹ̀lú owó rẹ̀. Kí wọ́n sì fi gbèdéke sí ìlàjà, tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ tó bá da àdéhùn tó buwọ́ lù á fi máa san owó ìtanràn bíi ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì ṣe é kó tó di pé ilé ẹjọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó gba irú ẹ̀bẹ̀ tí Northwest mú wá.